Ta Ló Ni Fóònù Tí Wọ́n Tì Pa?

Láti ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2013, ẹni tó bá ra fóònù tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ṣí i fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá gbà fún un. Owó rẹ̀ ló fi rà á, àpò rẹ̀ ló wà, bó bá bọ́ sílẹ̀ tó fọ́, òun náà ló máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e dé Èkó tàbí Jẹ́dà, tó ki síìmù ibẹ̀ bọ̀ ọ́, fóònù náà lè kọ̀ jálẹ̀. Bó bá sì wá ọ̀nà ṣí i fúnra rẹ̀, ó ti rú òfin. Ibi tí òfin náà ti wá yani lẹ́nu. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ọdún 1998 ni, èyí tí wọ́n ṣe kí ènìyàn má baà máa já àgádágodo tó wà lórí fíìmù, orin àti ìwé inú kọ̀ǹpútà. Nítorí pé sọ́fútíwià ló ń ti fóònù, òfin fíìmù wá gun orí fóònù. Olórí Ilé-Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ níbẹ̀ ló máa ń yọ àwọn nǹkan kan kúrò lábẹ́ òfin yìí ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ó yọ fóònù ṣíṣí kúrò ní 2006, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2010; ní 2012, ó ní àyè náà ti parí fún àwọn fóònù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Àwọn ènìyàn ò gbà. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Sina Khanifar kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí ojú-òpó tí ìjọba là sílẹ̀ fún ẹ̀bẹ̀ ará ìlú, àwọn tó fọwọ́ sí i sì ju 114,000 lọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Ààrẹ dáhùn pé òótọ́ wà nínú ẹ̀bẹ̀ wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Ògún ọdún 2014, Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lu òfin tó dá àyè náà padà. Ti òfin parí síbẹ̀. Ìbéèrè tó bí i kò tíì parí, arìnrìn-àjò tó fẹ́ ra fóònù lónìí sì máa ń bá a pàdé kó tó dé orí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tàbí bátìrì. Kí ló ń mú kí nǹkan jẹ́ tẹni? Ṣé owó tí a san ni, ṣé ọwọ́ tó dì í mú ni, àbí agbára láti lò ó níbi tó bá wuni?

Nínú síìmù kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà kan wà tó ń sọ orílẹ̀-èdè àti ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Fóònù tí wọ́n tì mọ́ ilé-iṣẹ́ kan máa ń ka nọ́ńbà yìí. Bí kò bá bá èyí tí wọ́n kọ sí i nínú mu, kò ní ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lágbára láti gba ìgbì rédíò ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, àṣẹ ni wọ́n pa fún un pé kó má gbà á. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ilé-iṣẹ́ máa ń ta fóònù ní ẹ̀dínwó ńlá, tàbí kó tà á láwìn, pẹ̀lú ìrètí pé owó tí oníbàárà á máa san lóṣooṣù ló máa dí àlàfo náà. Bí oníbàárà bá gbé fóònù lọ bá ẹlòmíì lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti pàdánù. Ẹjọ́ tiwọn náà ṣeé gbọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣèdájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í fẹ́ kí ohun tó rà máa gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà tí iPhone àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, AT&T nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kò tó oṣù méjì tí ọmọ ọdún 17 kan ní New Jersey, George Hotz, fi ṣí i. Ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn tó ṣí gba ọkọ̀ Nissan 350Z lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ẹ.

Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti ń jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ràkúnmí ló sì dá a sílẹ̀. Nínú hadíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Jabir ọmọ Abdullah ń ti ìrìn-àjò bọ̀ pẹ̀lú Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó sì ti rẹ ràkúnmí rẹ̀. Ànábì ṣe àdúà, ràkúnmí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára, Ànábì wá ní kí Jabir tà á fún òun. Jabir kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó gbà, ó fi àdéhùn kan sí i pé òun á ṣì máa gùn ún títí àwọn á fi dé Mọdínà. Wọ́n dé Mọdínà, Jabir fa ràkúnmí sílẹ̀, ó gba owó rẹ̀ pé, lẹ́yìn náà ni Ànábì tún fi ràkúnmí náà ta á lọ́rẹ, tòun towó.

Wọ́n ti ta nǹkan, ó ti di ti ẹlòmíì, síbẹ̀ ẹni tó tà á ṣì mú apá kan àǹfààní rẹ̀ dání: ohun tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn aṣáájú onímọ̀ pín lórí rẹ̀. Ahmad ọmọ Hanbal gbà pé àdéhùn bẹ́ẹ̀ tọ́. Abu Hanifa àti Shafi'i ò gbà á, torí lójú tiwọn, títà àti irú àdéhùn yẹn kò lè wà pọ̀. Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, gbà á bí ọ̀nà náà bá súnmọ́. Ìdájọ́ Malik ló ràn wá lọ́wọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ fóònù, nítorí ó kọjú sí bí ìdè náà ṣe gùn tó. Ẹni tó ra ràkúnmí mọ àdéhùn náà kó tó sanwó, ó sì mọ ìlú tó máa parí sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra fóònù títì ni kò mọ ibi tí Mọdínà tirẹ̀ wà.

Ìtàn kan tún wà tó kan ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí owó bá ti pé. Barira jẹ́ ẹrúbìnrin tó ti bá àwọn olówó rẹ̀ ṣàdéhùn iye tó máa san kó lè gba òmìnira. Aisha fẹ́ san án fún un, kó sì dá a sílẹ̀. Àwọn olówó náà gbà, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀tọ́ ogún àti ìbátan, tó máa ń jẹ́ ti ẹni tó bá dá ẹrú sílẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n fẹ́ gba owó, kí wọ́n sì tún di okùn náà mú. Ànábì dìde láàrin àwọn ènìyàn, ó sì kéde pé asán ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dá a tó.

Àwọn adájọ́ òyìnbó gba ọ̀nà mìíràn dé ìtòsí ibẹ̀. Ní England, amòfin Edward Coke kọ ọ́ sínú ìwé kan tó jáde ní 1628 pé bí ènìyàn bá ta ẹṣin tàbí ohun-ìní mìíràn pátápátá, tó wá ní ẹni tó rà á kò gbọdọ̀ tún un tà, àdéhùn náà kò mú nǹkan kan dání. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ Coke yẹn jáde nígbà tó ń dá ẹjọ́ Lexmark, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti Impression Products, tó ń ra agolo yíǹkì Lexmark tó ti tán, tó ń rọ yíǹkì sí i, tó sì ń tún un tà. Lexmark ní òun ti bá àwọn oníbàárà ṣàdéhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n lò ó. Adájọ́ Àgbà John Roberts kọ ọ́ pé bí Lexmark ti ta agolo náà tán, ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì rẹ̀ lórí agolo náà ti tán. Lexmark lè pe oníbàárà tó yẹ àdéhùn lẹ́jọ́. Kò lè fi pátẹ́ǹtì lé agolo náà kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Níbi tí ìdájọ́ yìí àti ọ̀rọ̀ Barira ti pàdé ni kókó wà. Gbèsè lè di ènìyàn mú. Àdéhùn lè di ènìyàn mú. Ohun tí owó rẹ̀ ti pé gbọ́dọ̀ lọ láìsí okùn lọ́rùn.

Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn ní èyí. Lábẹ́ ètò ìwọ̀fà, tí Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ The History of the Yorubas tó jáde ní 1921, ẹni tó yá owó máa ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó náà. Kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè. Kò sẹ́ni tó máa gbàdúrà pé kí ètò náà padà wá, ìyà pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí wọ́n fi sọfà nítorí gbèsè bàbá. Ṣùgbọ́n òpin rẹ̀ hàn kedere: ọjọ́ tí owó bá pé, ìwọ̀fà ń lọ sílé. Olówó tó bá ní kó tún dúró oṣù mẹ́fà sí i, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ pé ó ti ń rẹ́ni jẹ.

Fi èyí wo fóònù tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń sanwó ṣáájú kí wọ́n tó pè. Oníbàárà san gbogbo iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ kan á ní àfi kó lo oṣù mẹ́fà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn, àwọn mìíràn á ní ọdún kan, kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n á ní nítorí ẹ̀dínwó ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, iye oṣù àti gbogbo ìlànà rẹ̀, kí ẹni tó ń lọ sí ìrìn-àjò lóṣù tó ń bọ̀ lè yàgò fún un. Títì tí a mọ̀, tó ní òpin, tó sì dúró lórí gbèsè tòótọ́, kò burú. Èyí tó bá ju gbèsè lọ, ìrẹ́jẹ ni.

Àwọn ìjọba kan ti rí i bẹ́ẹ̀. Kánádà pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2017, gbogbo fóònù tuntun gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì gba owó ṣíṣí mọ́. Japan fòfin de títì ní oṣù Ọ̀wàrà 2021. Ní Britain, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, rí i pé ṣíṣí fóònù lè gba nǹkan bíi pọ́n-ùn mẹ́wàá, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ tó bá ìṣòro pàdé. Láti oṣù Ọ̀pẹ 2021, wọn kò gbọdọ̀ ta fóònù títì níbẹ̀ mọ́.

Irú títì kan wà tó le ju ti síìmù lọ, ó sì ti wọ ilẹ̀ wa. Ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Gánà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta fóònù láwìn fún ẹni tí kò ní owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Onítọ̀hún á san díẹ̀ ṣáájú, á máa san ìyókù lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sọ́fútíwià kan wà nínú fóònù náà. Bí owó bá dáwọ́ dúró, wọ́n á ti ibi tí wọ́n wà ti gbogbo rẹ̀ pa. Ètò yìí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní fóònù Android tí wọn kì bá lè rà, oore ńlá sì nìyẹn. Àmọ́ ìwé Deuteronomi, orí 24 ẹsẹ 6, ka ohun kan léèwọ̀ fún ayánilówó: kò gbọdọ̀ fi ọlọ tàbí ọmọ ọlọ ṣe ohun ògò, nítorí ohun tó gbé ẹ̀mí onílé ró ló gbà yẹn. Ẹni tí ọlọ rẹ̀ ti lọ kò lè lọ ọkà, kò lè jẹun, kò sì ní lágbára láti wá owó tí yóò fi gbà á padà. Ọlọ́kadà tó ń fi fóònù gba iṣẹ́, aláṣọ tó ń fi WhatsApp ta ọjà, tí wọ́n ti fóònù wọn pa nítorí owó ọjọ́ méjì, ọ̀nà tí owó náà ì bá gbà wá gan-an ni wọ́n dí. Ayánilówó tó bẹ̀rù Ọlọ́run lè ti fíìmù àti eré, kó fi ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ àti owó gbígbà sílẹ̀. Kò sí ohun tó sọ pé sọ́fútíwià kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn ẹni tó ń pàṣẹ fún un ni ó yẹ kí a bi léèrè.

Títì síìmù kò ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà rí. Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, owó ara ẹni la fi ń ra fóònù, ọ̀tọ̀ la sì ń ra síìmù. Inú páálí tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni títì ti ń wọlé, Computer Village ní Ìkẹjà ló sì ti ń di owó. Fóònù tó ṣí láti ilé-iṣẹ́ wọ́n ju èyí tí wọ́n tì lọ, ìyàtọ̀ owó yẹn sì ń dán àwọn kan wò. Wọ́n á fi R-SIM, chip tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jókòó sábẹ́ síìmù, tan fóònù náà jẹ kó lè rò pé síìmù ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nínú òun. Á ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá fi sọ́fútíwià tuntun ránṣẹ́ sí i, ó lè má ṣiṣẹ́ mọ́, ọjọ́ yẹn sì lè bá ẹni tó rà á ní Dubai.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbí jẹ mọ́ ẹ̀rí-ọkàn ju ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ. Hadíìsì kan tí Muslim gbà wá sọ bí Ànábì ṣe ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà tí ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí gbogbo ayé rí i. Kò sẹ́ni tó ka ọjà tí òjò pa léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú títa fóònù títì. Kí oníṣòwò fa àwo síìmù jáde níṣojú ẹni tó ń rà, kó fi R-SIM hàn án, kí wọ́n wá dúnàádúrà.

Ẹni tó ń rà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lórí iPhone, kó wọ Settings, kó wọ General, kó wọ About, kó wo iwájú Carrier Lock: No SIM restrictions ló yẹ kó bá níbẹ̀. Lórí Android, kó fi síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán an wò, kó pe ènìyàn, kó sì tan dátà. Bó bá tẹ *#06#, nọ́ńbà IMEI onídíjíìtì 15 á jáde. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń mọ fóònù tí wọ́n jí tàbí tí gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀. Kó rí i dájú pé àkáǹtì Apple tàbí Google ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀.

Ká wo ẹni tó ń lọ sí Hájì. Láti kírun ní Raodah nínú mọ́sáláásí Ànábì ní Mọdínà, áàpù Nusuk ni wọ́n ti ń gba àyè, dátà sì ni áàpù ń jẹ. Ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, àwọn aṣojú STC, Mobily àti Zain máa ń ta síìmù fún àlejò tó bá mú ìwé ìrìnnà wá tó sì tẹ̀ka. Lọ́wọ́ kan náà, báńkì rẹ̀ nílé á máa fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí láìnì Nàìjíríà nígbàkígbà tó bá fẹ́ náwó. Nítorí náà, fóònù oníláìnì méjì tó ṣí ló yẹ ẹ́: ti Nàìjíríà fún àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, kó pa dátà rẹ̀, ti Saudi fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣíṣí nìkan kò sì tó. Láti 2022 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ti pa 3G wọn, nítorí náà fóònù tí kò bá lè pè lórí 4G níbẹ̀ lè tan dátà kó má lè pe ẹnikẹ́ni. Láti iPhone 14, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ihò síìmù rárá, eSIM, síìmù tí a kì í fọwọ́ kì bọ fóònù, nìkan ló ń gbà. Àwọn iPhone 14 tí wọ́n tà ní China ń gba síìmù gidi méjì, wọn kò sì gba eSIM. Ibi tí ènìyàn ń lọ ló yẹ kó sọ èyí tó máa rà.

Ẹnìkan lè sọ pé Ọlọ́run ló ni ohun gbogbo, ọwọ́ àwa ènìyàn kàn wà lára rẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Kí ló wá kan ẹlẹ́sìn nípa ẹni tó ni fóònù? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kristẹni ń kọ́ni ni pé olùtọ́jú ni ènìyàn, wọ́n sì máa bi olùtọ́jú bó ṣe lo ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ohun tó ń tọ́jú, báwo ló ṣe máa jíhìn? Ẹni tó wà ní Mina nígbà Hájì tí fóònù rẹ̀ kò gba síìmù ibẹ̀ kò lè pín íntánẹ́ẹ̀tì fún arúgbó tó ṣìnà, kò lè pe àwọn tó bá a wá. Òmìnira láti lo nǹkan wà lára ohun tó ń jẹ́ kéèyàn lè fi í ṣoore.

Ibi tí èyí ti ń hàn jù ni ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ tó wà ní Houston àti Baltimore máa ń fi fóònù tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ìyá á sì tún máa wá owó ṣíṣí kiri. Kí ọmọ san gbèsè orí rẹ̀ tán, kó bẹ ilé-iṣẹ́ tó tà á fún un pé kí wọ́n ṣí i, kó fi síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn dán an wò, kó yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò, gbogbo èyí kó tó fi ránṣẹ́. Bó bá ti dé Ìbàdàn, ìyá kò lè bá ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn.